Báwo lẹ ṣe ń bá ìwádìí tuntun àti àpérò lórí CBT rìn tí kò fi bò yín mọ́lẹ̀?

Ìrọ̀rùn_Ọkàn béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú ìrònú àti ìhùwàsí, CBT, ni mò ń ṣe. Ìsoríkọ́ àti àìbàlẹ̀ ọkàn ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbé àwọn ènìyàn wá. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bi yín.

Àkọ́kọ́, jọ́nà ti pọ̀ jù. Tí mo bá kọ "CBT" sínú PubMed, ojú ìwé tí a ti ń wá ìwé ìwádìí ìṣègùn, ohun tó ń jáde kò lóǹkà, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì kan iṣẹ́ wa rárá. Báwo ni mo ṣe lè tò ó kí ó jẹ́ ìwọ̀nba tí apá mi ká ni yóò máa wọlé?

Èkejì, tí ìwádìí kan bá ti wà lọ́wọ́ mi, kí ni kí n kọ́kọ́ wò kí n tó gbà á gbọ́? Mo kà pé agbára CBT lórí ìsoríkọ́ ń dínkù láti ọdún dé ọdún. Mo tún kà á níbòmíràn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àpérò. Èwo ló tó ohun tí ènìyàn ń náwó lé lórí? Báwo la sì ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí ti gbájúẹ̀? Ímeèlì tó ń pè mí ní "olùbánisọ̀rọ̀ pàtàkì" ti fẹ́ kún àpótí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé kí n máa kàwé o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

Ṣèwádìí:

Ti PubMed ni màá mú, àwọn yòókù á mú ìyókù.

Lẹ́tà mẹ́ta yẹn gan-an ló ń dà yín láàmú. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ń pe kókó kan tó máa ń hù lọ́rùn ní carotid body tumor, CBT ni wọ́n sì ń gé e kúrú sí. Àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ inú okùn ìwọ́ ọmọ tuntun tọ́jú àrùn ẹ̀jẹ̀ náà ń pe tiwọn ní CBT. Gbogbo rẹ̀ ni PubMed á dà sílẹ̀ níwájú yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ACT" (irú ìtọ́jú kan, acceptance and commitment therapy) àti "exposure" (fífi ojú ko ohun tó ń bani lẹ́rù) rí. Ẹ kọ "exposure" lásán, kí ẹ wo bí ìwé lórí èéfín mọ́tò àti òjé inú omi yóò ṣe ya wọlé.

Ohun tó dáa ni kí ẹ lo ọ̀rọ̀ MeSH, ìyẹn àmì tí ilé-ìkàwé ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà ń lẹ̀ mọ́ ìwé, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ inú àkọlé àti inú àkópọ̀ tì í lẹ́yìn. Ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè má tíì gba àmì MeSH, nítorí náà tó bá jẹ́ àmì nìkan lẹ gbára lé, tuntun gan-an tí ẹ ń wá ni yóò fò yín dá. Ẹ da èyí kọ bó ṣe wà:

("Cognitive Behavioral Therapy"[MeSH] OR "cognitive behav*"[tiab] OR "cognitive therap*"[tiab]) AND depress*[tiab] AND (randomi*[tiab] OR meta-analysis[tiab] OR "systematic review"[tiab])

[tiab] ni àkọlé àti àkópọ̀. Ìràwọ̀ yẹn ń mú behavior ti Amẹ́ríkà àti behaviour ti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀, ó sì ń mú ẹni tó fi z kọ randomized àti ẹni tó fi s kọ ọ́. Kò gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà mẹ́rin kí ẹ tó fi ìràwọ̀ sí i. Ẹ kíyè sí i pé n kò lo àpótí "Randomized Controlled Trial" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé. Àmì irú ìwé yẹn náà lè má tíì dé, ohun tó sì ṣe MeSH lè ṣe é.

Fún àìbàlẹ̀ ọkàn, ẹ ṣe òmíràn lọ́tọ̀: ẹ fi (anxi*[tiab] OR panic[tiab] OR phobi*[tiab]) dípò depress*. Ẹ má so méjèèjì pọ̀. Tí ọ̀kan bá ń kún jù, ẹ ó lè tún un ṣe láì fọwọ́ kan èkejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Create alert tó wà lábẹ́ àpótí tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí. Yóò ní kí ẹ wọlé sí My NCBI. Ọ̀fẹ́ ni, àkáǹtì Google tàbí ORCID yín á ṣí i. Ẹ yan ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún kókó tí ẹ ń tọ́jú jù, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù fún ìyókù. Níbi tí wọ́n ti bi yín bí ìwé ṣe máa rí, ẹ yan Abstract, kí àkópọ̀ lè bá ímeèlì wá tààrà. Tí ẹ bá fi Summary sílẹ̀, àkọlé nìkan lẹ ó máa rí. Ẹ ó máa tẹ línkì kọ̀ọ̀kan, láàárín oṣù méjì ẹ ó ti pa á tì.

Tí ìtaniólobó (alert) kan bá ń kó ju ogún ìwé lọ lọ́sẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ ó máa gbìyànjú. Ẹ dín in kù. Kì í ṣe orúkọ jọ́nà ni kí ẹ fi dín in o, irú ènìyàn tí ẹ ń tọ́jú ni: adolesc*, perinatal, "older adult*".

Google Scholar kò dára fún irú wíwá yìí, ariwo rẹ̀ pọ̀. Ibi tó ti dùn ún lò ni "Cited by". Ẹ mú ìwé kan tó jẹ́ òpó nínú ohun tí ẹ ń ṣe, bí èyí tí Michelle Craske àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sínú Behaviour Research and Therapy ní 2014 lórí bí fífi ojú ko ohun tó ń bani lẹ́rù ṣe lè múná sí i. Ẹ tẹ Cited by, ẹ wá tẹ Create alert. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́ka sí i láti ìsinsìnyí lọ, ẹ ó gbọ́. Irú òpó bẹ́ẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó.

Jọ́nà tí mo bá ní kí ẹ gba àtòjọ inú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nípa ímeèlì kò ju márùn-ún lọ: Behaviour Research and Therapy, Behavior Therapy, Cognitive Therapy and Research, World Psychiatry, àti the Cognitive Behaviour Therapist. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló sún mọ́ yàrá ìtọ́jú jù nínú wọn.

Inú Zotero, ètò kọ̀ǹpútà fún títọ́jú ìwé ìwádìí, ni kí ẹ máa kó gbogbo rẹ̀ sí. Ọ̀fẹ́ ni, pẹ̀lú ààyè MB 300 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà mọ̀ ni pé ó ń bá àkójọ Retraction Watch, tó ń tọ́jú orúkọ ìwé tí wọ́n ti fagi lé, sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá fagi lé ìwé kan tó wà lọ́wọ́ yín, àmì pupa á yọ lára rẹ̀.

Ìyá_Olùtọ́jú:

Àbúrò, ìbéèrè kejì rẹ lèmi fẹ́ dáhùn. Má bẹ̀rẹ̀ láti ìparí ìwé. Ohun tí wọ́n fi CBT wé ni kí o kọ́kọ́ wá. Kí o tó rí i, má tíì ka iye kankan.

Tó bá jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa dúró de ìtọ́jú ni ọ̀wọ́ kejì, mọ̀ pé ìwọ̀n ipa yóò ga. Ẹni tó mọ̀ pé ìtọ́jú òun ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 kì í wá ìrànlọ́wọ́ lọ síbòmíràn, kì í sì í fẹ́ gbìyànjú ohunkóhun fúnra rẹ̀. Ṣe ló káwọ́ gbera. Toshi Furukawa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2014 pé nínú ìwádìí CBT fún ìsoríkọ́, àwọn tó ń dúró de ìtọ́jú ṣe burúkú ju àwọn tí wọn kò ṣèlérí ìtọ́jú kankan fún lọ. Nítorí náà, "CBT ṣiṣẹ́ ju dídúró lọ" kò tíì sọ púpọ̀ fún ọ.

Wo bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú iye. Pim Cuijpers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 409 jọ lórí CBT fún ìsoríkọ́, ènìyàn 52,702 ló wà nínú rẹ̀. World Psychiatry tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2023. Nígbà tí wọ́n fi CBT wé dídúró tàbí ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, g (ìwọ̀n ipa náà) jẹ́ 0.79, ìyẹn sì tóbi. Nígbà tí wọ́n fi wé oríṣi ìtọ́jú ọ̀rọ̀-sísọ mìíràn, ó já sí 0.06. Ìwọ̀nba yẹn náà sì máa ń pòórá tí wọ́n bá tún un wò lọ́nà mìíràn. CBT kan náà ni o. Ohun tí wọ́n fi wé ló yí padà. Tí wọ́n bá fi wé oògùn, kò sí ìyàtọ̀ gidi ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí méjìlá, CBT ló borí, g 0.34.

Ti agbára tó ń dínkù: ìwé Johnsen àti Friborg nínú Psychological Bulletin ní 2015 ló dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Ìyípadà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú dé ìparí nínú ọ̀wọ́ CBT fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbé lé jù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kó ohun púpọ̀ pọ̀: àwọn tí ì bá gbádùn fúnra wọn láìsí ìtọ́jú, àti bí àìsàn àwọn tí wọ́n gbà wọlé ṣe le tó. Tí àwọn tó le bá dínkù nínú ìwádìí òde òní, iye náà á wálẹ̀ láìjẹ́ pé ìtọ́jú náà rọ. Ti Cuijpers tó jáde ní 2023 lo ọ̀wọ́ ìfiwéra, ó pín ìwádìí sí ti ṣáájú 2001, ti 2001 sí 2010, àti ti ẹ̀yìn náà. Kò rí ìdínkù kankan. Èmi gba ti 2023, àmọ́ kì í ṣe nítorí pé ó dùn mọ́ wa nínú.

Lẹ́yìn ọ̀wọ́ ìfiwéra, béèrè ta ló wọn èsì. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tó ń gba ìtọ́jú mọ ohun tó ń gbà. Tó bá sì jẹ́ òun náà ló kọ PHQ-9, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń wọn ìsoríkọ́, fúnra rẹ̀, ìrètí rẹ̀ ti wọ inú èsì. Wá ìwádìí tí ẹni tí kò mọ ọ̀wọ́ tí aláìsàn wà ti ṣe ìwọ̀n náà. Wo iye àwọn tó já sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, kí o sì wò ó bóyá ọ̀wọ́ kan pọ̀ ju èkejì lọ. Lẹ́yìn náà, gba orí ClinicalTrials.gov, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ ìwádìí sílẹ̀, lọ wo ohun tí wọ́n ní àwọn máa wọ̀n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Tí ìwé bá ń yọ̀ lórí oorun, tó sì jẹ́ pé ìsoríkọ́ ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti yé ọ.

Ìyókù kò gùn. Tí ìwádìí bá sọ pé ohun kan "kò rẹlẹ̀ sí" CBT, wá ààlà tí wọ́n là kalẹ̀, ìyẹn bó ṣe lè burú tó ju CBT lọ tí wọ́n ṣì máa gbà á. Ìwádìí COBRA, tí Lancet tẹ̀ jáde ní 2016 pẹ̀lú ènìyàn 440, fi hàn pé behavioural activation (ìtọ́jú tó ń mú aláìsàn padà sẹ́nu ìgbòkègbodò rẹ̀) láti ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ wọn kéré kò rẹlẹ̀ sí CBT láti ọwọ́ àwọn tó kọ́ṣẹ́ pẹ́. Àmì 1.9 lórí PHQ-9 ni ààlà wọn, mo sì gbà pé ó bọ́gbọ́n mu lórí òṣùwọ̀n tó dé 27. Tí wọ́n bá fi ààlà sí 4, ìtọ́jú tó burú díẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá.

Má sì dárúkọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀wọ́ méjì bí ẹni pé ìyípadà ẹnì kan ni. Ní NHS Talking Therapies, ètò ìtọ́jú ọ̀rọ̀-sísọ ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àmì 6 lórí PHQ-9 tàbí 4 lórí GAD-7, ìwé ìbéèrè àìbàlẹ̀ ọkàn, ni wọ́n gbà pé ó dájú lára ẹnì kan. Ìyàtọ̀ àmì 2 láàárín ọ̀wọ́ méjì lè túmọ̀ sí pé àwọn kan yí padà gidi tí àwọn mìíràn kò yí rárá.

Òǹkàwé_Kékeré:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Tí mo bá wá rí ìwé tó dáa tán, tí wọ́n ní kí n sanwó kí n tó kà á ńkọ́?

Ṣèwádìí:

Ẹ fi Unpaywall sórí burawúsà yín. Tí àwọ̀ ewé bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé, ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó bófin mu wà níbì kan. Tí kò bá yọ, ẹ wo PubMed Central, lẹ́yìn náà PsyArXiv, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé máa ń gbé àkọsílẹ̀ wọn sí kí jọ́nà tó gbà á. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ ṣá: àwọn olùyẹ̀wò kò tíì fojú kan ohun tó wà ní PsyArXiv, iye inú rẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti ìwé tó jáde gbẹ̀yìn. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń tijú rẹ̀ lásán ni kí wọ́n kọ ímeèlì sí òǹkọ̀wé tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lórí ìwé náà. Ìlà mẹ́ta ti tó: àkọlé ìwé, ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ, ẹ ṣeun. Nígbà kan náà, ẹ béèrè ìwé ìlànà ìtọ́jú tí wọ́n lò. Ìyẹn kì í sí nínú jọ́nà, òun sì lẹ máa lò lọ́jọ́ Ajé. Tó bá jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé-ìwòsàn lẹ wà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní Hinari lábẹ́ Research4Life, ètò tó ń ṣí jọ́nà fún ilé-iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò tó.

Bàbá_Pósítà:

Ó kan àpérò. Àwọn tó tó owó kò pọ̀.

ABCT, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ CBT ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966, ló tóbi jù. Oṣù Kọkànlá ni wọ́n sábà máa ń ṣe tiwọn, gbígba àbá iṣẹ́ tí ènìyàn fẹ́ gbé kalẹ̀ sì máa ń parí ní nǹkan bí oṣù Kẹta, torí náà ẹni tó ń rò ó ní oṣù Kẹjọ ti pẹ́. BABCP ti Gẹ̀ẹ́sì, láti 1972, sábà máa ń ṣe tiwọn ní oṣù Keje; tiwọn ló kún fún iṣẹ́ àṣefọwọ́kàn jù lójú tèmi. EABCT, tó kó àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù pọ̀, sábà máa ń bọ́ sí oṣù Kẹsàn-án, ìlú rẹ̀ sì ń yí kiri. Àpérò àgbáyé kì í ṣe ọdọọdún: Berlin ni ní 2019, Seoul ni ní 2023. Tó bá jẹ́ ACT lẹ ń ṣe, ACBS ni tiyín. Iye tí ẹ bá rò pé ó tọ́ ni ẹ ń san láti di ọmọ ẹgbẹ́ wọn, bí ẹ kò bá ti lọ sísàlẹ̀ ohun tí wọ́n là kalẹ̀. Ẹ wo ojú ìwé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ gan-an, torí ó ń yí.

Tí owó kò bá tó, ẹ má lọ tán. Wọ́kíṣọ́ọ̀pù tó ń ṣáájú àpérò ni kí ẹ san fún. Ó sábà máa ń ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì tètè ń kún. Nínú àlàyé rẹ̀, ẹ wá bóyá wọ́n ní àwọn yóò jẹ́ kí àwọn tó wá ṣe é fúnra wọn ní méjì-méjì tàbí kí wọ́n wo fídíò ìtọ́jú gidi. Tó bá jẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ lásán fún wákàtí mẹ́fà, ẹ ka ìwé olùkọ́ náà nílé.

Nínú àpérò fúnra rẹ̀, àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n máa sá tẹ̀lé àwọn gbajúmọ̀. Ohun tí gbajúmọ̀ sọ lórí pèpéle ńlá, ó ti wà nínú ìwé, tàbí kí wọ́n gbà á sílẹ̀ sórí fídíò. Símpósíọ̀mù tó ní olùdáhùn lópin ló níyelórí, torí ẹni yẹn ni yóò tọ́ka sí ihò tó wà nínú iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tàbí mẹ́rin tó ṣáájú. Pósítà sì wà, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé ńlá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó. Ibẹ̀ lẹ ti máa bá ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ẹ fi àmì sí mẹ́fà tàbí méje nínú ìwé ètò láti alẹ́ àná, ẹ dúró níwájú rẹ̀, ẹ bi í pé: àwọn wo lẹ kọ̀ láti gbà wọlé? Ìgbà wo ni àwọn ènìyàn ń já sílẹ̀? Kí lẹ yí padà nínú ìlànà lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ ò ní rí ìdáhùn wọ̀nyí nínú jọ́nà kankan.

Ti ìwé ìrìnnà: ẹ béèrè lẹ́tà ìpè lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba àbá yín, kí ẹ sì ka ìlànà ìdápadà owó kí ẹ tó san ohunkóhun. Àwọn kan kì í kọ lẹ́tà títí tí owó ìforúkọsílẹ̀ yóò fi wọlé. Ẹ wá mọ̀ bóyá tí físà kò bá jáde, wọ́n á gbé yín sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí kò bá sí lákọsílẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́ lẹ́nu.

Ojú_Lalákàn:

Ti gbájúẹ̀ ló kù. Ìlera ọkàn, eyín, oúnjẹ ẹran ọ̀sìn àti ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú àpérò kan náà: gbájúẹ̀. Wọ́n gba àbá yín láàárín wákàtí 24, tí kò sí ẹni tó béèrè ohun kan: gbájúẹ̀. Orúkọ tó jọ ti ẹgbẹ́ gidi, tí wọ́n kàn fi "International" tàbí "Global" sí níwájú: ẹ ṣọ́ra. Wọ́n ní ẹ̀yin ni olùbánisọ̀rọ̀ pàtàkì, síbẹ̀ ẹ̀yin lẹ máa sanwó: kò tún sí ìbéèrè mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé kóòtù rí. Ní 2019, kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá OMICS, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ jọ́nà tó sì ń ṣe àpérò, lẹ́bi nínú ẹjọ́ tí FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, pè, wọ́n sì ní kí ó san mílíọ̀nù 50.1 dọ́là. Lára ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n ń polówó orúkọ àwọn onímọ̀ ńlá fún àpérò tí àwọn yẹn kò gbà láti wá.

Nítorí náà, ẹ má wo orúkọ inú ìgbìmọ̀ kí ẹ sì fọkàn balẹ̀. Ẹ mú méjì nínú wọn, ẹ lọ sí ojú ìwé wọn ní yunifásítì wọn, ẹ wò ó bóyá wọ́n mẹ́nu kan àpérò náà. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ ímeèlì sí wọn, àdírẹ́sì ti yunifásítì ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí àwọn olùṣètò fún yín. Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́: EABCT ní àtòjọ àwọn ẹgbẹ́ tó jẹ́ ọmọ rẹ̀, èyí tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ṣètò kò ní jẹ́ ayédèrú.

Ní ti jọ́nà, ẹ̀tàn kan wà tó ń mú àwọn tó gbọ́n pàápàá. Wọ́n á ní "a wà nínú PubMed". PubMed yàtọ̀ sí MEDLINE, àkójọ jọ́nà tí wọ́n ti yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà wọ́n. Ìwé lè wọ PubMed nítorí pé ó wà ní PubMed Central, tàbí nítorí pé àjọ tó náwó sí ìwádìí náà ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀, láìjẹ́ pé wọ́n yẹ jọ́nà náà wò fún MEDLINE. Ẹ lọ sínú NLM Catalog, ẹ kọ orúkọ jọ́nà, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "Currently indexed for MEDLINE" sí.

Ìyá_Olùtọ́jú:

Ẹ ṣé, Bàbá. Àmọ́ mo ní àtakò kékeré. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yí ìtọ́jú padà nítorí ohun tó gbọ́ ní àpérò. Cochrane, àjọ tó ń ṣàkópọ̀ ìwádìí ìṣègùn, wo ọ̀rọ̀ yìí ní 2018: nínú àkópọ̀ ìwádìí tí wọ́n gbé wá sí àpérò ìṣègùn, 37.3 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló wá di ìwé ní kíkún, àwọn tí èsì wọn dára ló sì ṣeé ṣe jù kí wọ́n jáde. Ohun tí ẹ gbọ́ níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ máa retí ìwé rẹ̀.

Wọ́kíṣọ́ọ̀pù náà kò tó fúnra rẹ̀. Sholomskas àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ pín àwọn olùtọ́jú 78 sí ọ̀nà mẹ́ta ní 2005: àwọn kan gba ìwé ìlànà nìkan, àwọn kan gba ìwé pẹ̀lú ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan gba ìwé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ojúkojú, àti àmójútó lórí iṣẹ́ wọn lẹ́yìn náà. Ọ̀wọ́ kẹta ló mọ CBT ṣe jù. Nítorí náà, àbúrò, kí o tó sanwó wọ́kíṣọ́ọ̀pù, kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa mójú tó ọ lẹ́yìn rẹ̀. Gba ìtọ́jú kan sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ, pẹ̀lú ìwé ìgbàṣẹ tí aláìsàn fọwọ́ sí, kí ẹni náà fi CTS-R, òṣùwọ̀n bí olùtọ́jú ṣe mọ CBT ṣe tó, díwọ̀n rẹ̀. Ohun méjìlá ló wà nínú CTS-R, òdo sí mẹ́fà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 72 lápapọ̀. 36 ni wọ́n sábà ń gbà pé ó kọjá. Ṣe é ṣáájú wọ́kíṣọ́ọ̀pù, kí o tún un ṣe lẹ́yìn oṣù méjì. Ohun kan tàbí méjì tó o lọ kọ́ ni kí o wò. Àpapọ̀ kì í sọ púpọ̀.

Bàbá_Pósítà:

Mo gbà lórí àmójútó, Ìyá. Lórí àpérò, n kò gbà tán. Ìwé ìwádìí kì í sọ bí olùtọ́jú ṣe dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí aláìsàn tó dáhùn. Ẹ ò ní rí ìyẹn nínú World Psychiatry.

Ìrọ̀rùn_Ọkàn:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbé àwọn ìtaniólobó méjèèjì kalẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù: tí mo bá fẹ́ fi àbá pósítà ránṣẹ́, ṣé wọ́n ń gba àkọsílẹ̀ lórí ẹnì kan ṣoṣo tí a tọ́jú? Kí ló sì máa ń mú kí wọ́n má gba àbá?

Bàbá_Pósítà:

Àwọn kan ń gbà á, àwọn kan kì í gbà á. Ó máa ń wà nínú ìlànà wọn lábẹ́ irú àbá. Tí wọ́n bá gbà á, ìtàn aláìsàn nìkan kò tó. Ẹ fi ìwọ̀n hàn ní ìgbà púpọ̀: ó kéré tán mẹ́ta kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín rẹ̀, àti lẹ́yìn tó parí. Mẹ́ta ìṣáájú yẹn ló ń fi hàn pé àìsàn náà kò ti máa lọ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ìgbàṣẹ aláìsàn fún ìtọ́jú kì í ṣe ìgbàṣẹ fún títẹ̀ jáde. Ìwé ọ̀tọ̀ ni, kí ẹ sì yí ohunkóhun tí ará ilé rẹ̀ lè fi dá a mọ̀ padà.

Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n kọ̀ ọ́ jù ni gbólóhùn náà pé "a ó gbé èsì kalẹ̀ ní àpérò". Ẹ kọ iye, bó tilẹ̀ jẹ́ ti àbọ̀ iṣẹ́: ènìyàn mélòó, òṣùwọ̀n wo, láti iye wo sí iye wo. Nǹkan bí ọ̀rọ̀ 250 ni wọ́n sábà ń fún yín. Ẹ má ná ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀ lórí bí ìsoríkọ́ ṣe gbilẹ̀ láyé, àwọn olùyẹ̀wò ti mọ̀ ọ́n.

Tí wọ́n bá gbà á, ẹ béèrè bóyá òró ni pátákó wọn tàbí ìbú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohunkóhun. A0 jẹ́ mm 841 sí 1189. Tí ẹ bá gbé ti ìbú lọ síbi tí pátákó jẹ́ mm 900 ní fífẹ̀, etí rẹ̀ á yọ sórí ti ẹni ẹ̀gbẹ́ yín. Lẹ́tà inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí 24 lórí A0, àkọlé sì lè tó 85. Nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́ di PDF, ẹ rí i pé fọ́ńtì wọ inú rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àmì orí lẹ́tà Yorùbá lórúkọ yín á di àpótí òfìfo lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ ẹ̀dà A4 kan wò kọ́kọ́: tí ẹ kò bá lè kà á ní ìwọ̀n apá kan sí ojú, lẹ́tà rẹ̀ ti kéré jù.